Ta ló kọ́ ilé yìí? Bí ẹ ṣe lè fi ìtẹ́ ẹ̀gà, ọ̀gán àti ihò òkété kọ́ ọmọ kékeré

Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọ ọdún 4 sí 5 ni wọ́n, mo ní níbo ni ẹyẹ ń gbé. Ọ̀kan ní nínú kéèjì. Èkejì ní nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin kan ní inú fíríìsà ni, torí adìẹ ló wà lọ́kàn tiẹ̀. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn o, ohun tójú wọn rí ni wọ́n sọ. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì síkúùlù tí ẹ̀gà ti kọ́lé kún fọ́fọ́, ariwo wọn kì í jẹ́ ká gbọ́ra wa láàárọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú wa, èmi tísà wọn náà wà níbẹ̀, tó tíì nàka sí i rí pé ẹ wò ó, ilé rèé, ẹni tó ń kọ́ ọ ló wà lórí ẹ̀ yẹn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yíwọ́ padà. Mo ká ṣáàtì tó wà lára ògiri, èyí tí wọ́n ya ẹranko inú yìnyín sí àti èyí tó ń fi eyín gé igi dí odò, ẹranko témi gan-an ò rí rí, mo ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn aládùúgbò wa ná. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tísà jẹ́lé-ó-sinmi sọ ò ju yẹn lọ: ẹ jẹ́ kí ọmọ rí ẹni tó ń kọ́lé lẹ́nu iṣẹ́ kó tó rí àwòrán ilé. Tó bá ti rí akọ ẹ̀gà kan tó fẹnu ya ewé ọ̀pẹ, tó gbé e fò, tó sì hun ún mọ́ ìtẹ́, gbogbo ìyókù tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, títí kan ẹranko òkè òkun, á ríbi so rọ̀ lọ́kàn ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ kọ́ ọ ní ìbéèrè mẹ́ta kó máa kà á bí orin: Ta ló kọ́ ọ? Kí ló fi kọ́ ọ? Kí ló fẹ́ fi ṣe? Tó bá bi yín, ẹ má tètè dá a lóhùn o, ẹ dá ìbéèrè yẹn padà sí i, kó wò ó dáadáa, kó sọ tiẹ̀. Ìkẹta yẹn ni ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀ jù, a ṣì máa débẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gà

Kò sí ìlú Yorùbá tí ẹ̀gà ò sí, wọ́n fẹ́ràn ibi téèyàn ń gbé, igi kan ṣoṣo sì lè gbé ìtẹ́ tó lé ní 100. Àsìkò òjò ló dáa jù láti lọ wò wọ́n torí ìgbà yẹn ni ewé tútù pọ̀, ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń kọ́lé láti fi bímọ. Ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ tẹ́ ẹní síbi tó jìnnà díẹ̀ sí igi, ẹ má jókòó sábẹ́ ẹ̀ gan-an, wọ́n á ya ìgbẹ́ sí yín lórí, ẹ̀rù yín á sì máa bà wọ́n. Ìṣẹ́jú 10 ti tó fún ọmọ ọdún 3. Ọmọ ọdún 5 lè jókòó fún ìṣẹ́jú 20 tẹ́ ẹ bá fún un ní nǹkan tó máa kà, bíi kó ka iye ìgbà tí ẹyẹ kan gbé ewé wálé.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo. Lásìkò tí wọ́n bá ń kọ́lé, ara akọ á yẹ́lò, orí ẹ̀ á dúdú, ojú ẹ̀ á pọ́n. Àwọ̀ abo ò tàn tóyẹn. Ẹ wá ní kó máa ṣọ́ èwo nínú wọn ló ń gbé ewé. Akọ ni. Ọmọ kan ní kíláàsì mi gbọ́ ìyẹn, ó ní “ṣé dádì wọn ló ń kọ́ ọ fún mọ́mì wọn ni,” mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jókòó tì mí, kò dìde mọ́ títí a fi fẹ́ lọ.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é, ẹ má kánjú. Á bà sórí imọ̀ ọ̀pẹ, á fẹnu gé etí ewé kan díẹ̀, á di ojú ibi tó gé yẹn mú ṣinṣin, á wá fò kúrò níbẹ̀ fìrí, bó ṣe ń lọ ni ewé yẹn ń ya tẹ̀lé e, á ya gbọọrọ bí okùn. Okùn yẹn ló fi ń hunlé. Ó máa kọ́kọ́ hun òrùka kan mọ́ ẹ̀ka, á dúró sínú òrùka yẹn, á wá máa hun lọ síwájú títí dé ibi tí ẹnu ẹ̀ bá lè nà dé, ìyẹn ni pé ara ẹ̀ gan-an ló fi ń wọn yàrá. Iwájú yẹn ló máa di yàrá ẹyin, òdìkejì á di ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnu ọ̀nà á sì kọjú sísàlẹ̀. Ẹ bi ọmọ pé kí ló dé tí ilẹ̀kùn fi wà nísàlẹ̀, kì í ṣe lókè. Ẹ jẹ́ kó ronú. Àwọn tèmi kọ́kọ́ ní torí òjò ni, lẹ́yìn náà lọ̀kan wá ní torí ejò, pé ejò á ja bọ́ kó tó wọlé. Mi ò sọ fún wọn pé èwo ló gbà á, torí méjèèjì bọ́gbọ́n mu.

Tó bá hun ún tán, á fi ẹsẹ̀ kọ́ sábẹ́ ilé ẹ̀, á dorí kodò, á máa gbọn apá pìrìpìrì, á máa ké. Ó ń pe abo kó wá wo ilé nìyẹn. Abo á wọlé, á yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun ló máa kó koríko rírọ̀ àti ìyẹ́ wá tẹ́ inú ẹ̀. Tí kò bá sí abo tó gbà á títí ewé fi gbẹ, akọ á tú ilé yẹn palẹ̀ fúnra ẹ̀, á tún òmíràn hun síbẹ̀. Ìtẹ́ tó tutù yọ̀yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ni, èyí tó ti ràwé ti pẹ́, ọmọ ọdún 4 lè fi àwọ̀ yẹn nìkan mọ èyí tó jẹ́ tuntun lórí igi, inú wọn sì máa ń dùn gan-an tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ jẹ́ káwọn náà hun tiwọn. Ẹ wá ewé ọ̀pẹ tútù tàbí ewé ọparun, ẹ ya á gbọọrọgbọọrọ, ẹ fi ẹ̀ka tútù tó ṣe é tẹ̀ ṣe òrùka tó tó ẹnu ife, kí wọ́n wá máa ki ewé bọ̀ ọ́, kí wọ́n yọ ọ́ lódìkejì, kí wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́. Fún ọmọ ọdún 3, ẹ gé páálí ní róbótó, ẹ lu ihò sí i yíká, kó máa fi òwú wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá sọ pé ó yá, ẹ̀gà ò lọ́wọ́ o, ìka méjì péré ni kóun náà lò, àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka, ìyẹn ni àgógó ẹnu ẹyẹ. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí i tójú wọn á là sí iṣẹ́ tí ẹyẹ yẹn ń ṣe.

Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ hun á tú ni, ọmọ míì á sì máa sunkún. Ẹ sọ fún un pé bó ṣe rí fún ẹ̀gà náà nìyẹn. Tọkọtaya onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, Nicholas Collias àti Elsie Collias, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wo ẹyẹ yìí, ohun tí wọ́n rí ni pé ìtẹ́ tí akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà bá kọ́kọ́ hun máa ń rí wúruwùru, ó gbọ́dọ̀ fi ewé ṣeré, kó hun, kó tú, kó tún hun, kọ́wọ́ ẹ̀ tó mọ́ ọn. Èyí tí wọn ò bá jẹ́ kó rí ewé fi ṣeré nígbà kékeré, ìhun kì í dán mọ́rán lẹ́nu ẹ̀ tó bá dàgbà. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fáwọn òbí tó bá ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ kó ewé àti yẹ̀pẹ̀ wọlé.

Ìtẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì

Ìbéèrè kẹta tí mo ní a máa dé rèé. Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti àwa àgbàlagbà náà, ló rò pé tílẹ̀ bá ti ṣú gbogbo ẹyẹ á lọ sùn sí ìtẹ́ ẹ̀ bí àwa ṣe ń lọ sórí ibùsùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyẹ, ibi tí wọ́n ti ń yé, tí wọ́n ti ń sàba, tí wọ́n ti ń fún ọmọ lóúnjẹ ni ìtẹ́ jẹ́, táwọn ọmọ bá ti lè fò ó tán nìyẹn, orí ẹ̀ka ni wọ́n ń sùn. Ẹ sọ fún ọmọ pé yàrá ìkókó ni. Tẹ́ ẹ bá ti là á yé e báyìí, òun náà á mọ ìdí tí a kì í fi ọwọ́ kan ìtẹ́ tó ṣì ní ẹyẹ nínú, ẹ ò ní máa pariwo “má fọwọ́ kàn án” ní gbogbo ìgbà.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ìnàkí, èyí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee. Ìnàkí máa ń tẹ́ ibùsùn tiẹ̀ sórí igi, á tẹ ẹ̀ka, á wọ́ ewé lé e, á sùn síbẹ̀ mọ́jú, tó bá tún di alẹ́ ọjọ́ kejì á tẹ́ òmíràn níbòmíì. Wọ́n ṣì wà ní ìgbẹ́ Gashaka-Gumti lápá ìlà oòrùn Nàìjíríà. Ìyẹn ni bẹ́ẹ̀dì.

Ilé aláǹtakùn náà ẹ̀wẹ̀, páńpẹ́ ló jẹ́ kó tó jẹ́ ilé, oúnjẹ ló ń dẹ. Ẹ bu omi sínú rọ́bà tó ń fọ́n, ẹ rọra fọ́n ọn sí i láàárọ̀, gbogbo okùn ẹ̀ á yọ kedere, kí ọmọ máa fi ìka tọ́ ọ lójú afẹ́fẹ́ láì fọwọ́ kàn án, láti àárín bọ́ síta.

Àwọn ayálégbé náà wà o. Tí ẹ̀gà bá ti fi ìtẹ́ sílẹ̀, ẹyẹ kéékèèké míì tí wọ́n máa ń ṣa èso koríko jẹ a máa kó wọ ibẹ̀. Àkókó á gbẹ́ ihò sára igi, tó bá kó jáde, ẹlòmíì á kó wọlé. Ọ̀pọ̀ ejò ni kì í gbẹ́ ihò tiẹ̀, ihò tí ẹlòmíì gbẹ́ ló ń wọ̀. Ẹyẹ kan tiẹ̀ wà tí kì í kọ́lé rárá, inú ìtẹ́ ẹ̀gà ló ń lọ yé sí kí ẹ̀gà lè bá a tọ́mọ, ìdí nìyẹn tí abo ẹ̀gà kọ̀ọ̀kan fi ní àwọ̀ ẹyin tiẹ̀, òmíràn funfun, òmíràn bí omi aró, òmíràn tó-tò-tó, kó lè dá tiẹ̀ mọ̀. Ọmọ ọdún 6 sí 7 ni kẹ́ ẹ sọ èyí fún, àwọn kéékèèké lè máa ronú lálẹ́ pé ẹnìkan á wá gbé ọmọ míì sílé àwọn.

Ọ̀gán

Ẹ má wó ọ̀gán láti fi inú ẹ̀ han ọmọ. Mo mọ̀ pé ó ń ṣeni bí i kéèyàn ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ yàtọ̀ sí pé ìlú odindi lẹ fẹ́ bàjẹ́ yẹn, ejò máa ń wà nínú ihò ẹ̀bá ọ̀gán. Ẹ lè rí iṣẹ́ ikán láì débẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ ṣe ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ gun ara igi tàbí ara fẹ́ǹsì. Ẹ fi igi ìgbálẹ̀ kan ṣí i díẹ̀, kó má ju èékánná ọmọ lọ. Kí gbogbo yín wá bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ dákẹ́.

Àwọn sójà ló máa kọ́kọ́ yọ, orí wọn tóbi, ó pọ́n, ẹnu wọn bí ẹ̀mú, wọ́n á dúró yí ẹnu ihò yẹn ká. Lẹ́yìn wọn làwọn òṣìṣẹ́ á dé, orí tiwọn kéré, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé horo yẹ̀pẹ̀ kan lẹ́nu, á fi itọ́ pò ó, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ihò, á yí padà, òmíràn á bọ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa lẹ̀ ẹ́ títí á fi dí. Ẹ fi fóònù yín wo aago, kí ọmọ mọ ìṣẹ́jú tó gbà. Mi ò tíì rí ọmọ tí èyí ò mú dákẹ́, títí kan àwọn tí wọ́n ní kì í jókòó síbì kan.

Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá sọ ti inú ọ̀gán fún un, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìlú kan. Ìyá wọn wà ní yàrá tiẹ̀ nísàlẹ̀, ikùn ẹ̀ tóbi débi pé kò lè rìn dáadáa, ẹyin ló ń yé ṣáá, ọkọ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń fún wọn lóúnjẹ. Oko wà nínú ilé yẹn, oko olú, wọ́n á kó igi àti ewé gbígbẹ tí wọ́n jẹ wá síbẹ̀, olú á hù lórí ẹ̀, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́. Olú ńlá téèyàn máa ń rí lẹ́bàá ọ̀gán lẹ́yìn òjò, inú oko wọn yẹn ló ti hù jáde. Afẹ́fẹ́ náà ní ọ̀nà tiẹ̀ lára ògiri ọ̀gán, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń mí nínú ẹ̀, kò sì ní fèrèsé. Àwọn èèyàn tiẹ̀ ti wo ọgbọ́n yìí kọ́lé, ilé ńlá Eastgate tí Mick Pearce yàwòrán ẹ̀ ní ìlú Harare ní Sìǹbábúwè, tí wọ́n kọ́ parí ní 1996, ọgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ọ̀gán ni wọ́n ní ó fún un ní èrò láti jẹ́ kílé tutù láìlo ẹ̀rọ amúlétutù tó pọ̀.

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí èsúnsún bo gílóòbù lálẹ́, tí Màámà sì ti gbé abọ́ omi sábẹ́ iná, ẹ sọ fún ọmọ pé inú ọ̀gán nìwọ̀nyí ti jáde, àwọn tó ń lọ dá ìlú tuntun sílẹ̀ ni. Tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ kó jẹ ẹ́, adùn ẹ̀ ò ní kí ẹ̀kọ́ má wọlé.

Ẹ fún un ní yẹ̀pẹ̀ pupa àti omi lọ́jọ́ kejì, kó mọ òkìtì tiẹ̀, kó tún fi iyanrìn nìkan mọ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sá méjèèjì sóòrùn di ọjọ́ kejì. Ti iyanrìn á wó. Ẹ má ṣàlàyé kankan, òun fúnra ẹ̀ ló máa sọ pé amọ̀ ló ń dì.

Ara ògiri ilé yín

Àwọn tó ń gbé fúláàtì, tí kò sí igi lágbègbè wọn, máa ń sọ fún mi pé kò sí ẹranko lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ wo òkè fèrèsé. Agbọ́n kan wà tó máa ń dá gbé, amọ̀ ló ń fi kọ́lé sára ògiri, ilé ẹ̀ dà bí ìka ọwọ́ tó sùn ti ara wọn. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ti ní ihò róbótó lára, ọmọ ti jáde lọ nìyẹn, ẹ lè fi ọ̀bẹ rọra ṣí i kúrò lára ògiri. Mo já ọ̀kan báyìí síwájú àwọn ọmọ mi méjèèjì: yàrá mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, kò sí ọ̀nà láti inú ìkan sí èkejì, ẹsẹ̀ aláǹtakùn gbígbẹ ló kún inú ìkan, èèpo kòkòrò tó dà bí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà nínú ìyókù. Ìyá wọn ló ta aláǹtakùn yẹn, kò pa á, ó kàn sọ ọ́ di arọ, ó gbé e síbẹ̀, ó yé ẹyin lé e, ó fi amọ̀ dí ilẹ̀kùn, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ mi ẹ̀gbọ́n bi mí pé “Mọ́mì, ṣé kì í padà wá wò ó?” Mo ní kì í padà wá, oúnjẹ tó máa tó o ló ti kó sílé dè é.

Àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ náà wà lábẹ́ òrùlé àti lábẹ́ bíríìjì. Àwọn àgbà máa ń sọ pé alápàńdẹ̀dẹ̀ kọ́lé, kò kan ilẹ̀, kò kan ọ̀run, agbedeméjì ló wà. Ẹ kọ́ ọmọ yín ní gbólóhùn yẹn níwájú ìtẹ́ gan-an, kó wò ó bó ṣe ń sọ ọ́.

Abẹ́ ilẹ̀

Èyí ò ṣe é rí, nítorí náà ẹ máa kọ́ ọ fún wọn ni. Òkété ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ bi ọdẹ èyíkéyìí, á sọ fún yín pé téèyàn bá fẹ́ fi èéfín lé òkété, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá àwọn ihò yòókù dí, torí kì í ní ẹnu ọ̀nà kan. Nínú ilẹ̀ yẹn, ibi tó ń sùn sí yàtọ̀, ibi tó ń kó oúnjẹ pa mọ́ sí yàtọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ló fi ń ru ẹyìn àti kóró wálé, á kì í sí i bámúbámú. Ẹ wá páálí bàtà kan, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ kúrò kí wọ́n lè rí inú, ẹ fi páálí inú tíṣù ṣe ọ̀nà, kí ọmọ kó òwú sí yàrá tó ń sùn, kó kó ẹ̀pà sí ti oúnjẹ. Ẹ má fi ilẹ̀kùn kejì hàn án. Ẹ kàn fi ọwọ́ yín dí ẹyọ kan tó ṣe, kẹ́ ẹ ní “ọdẹ ti dé o!” Òun ló máa sáré wá sísọ́ọ̀sì lu òmíràn.

Ẹ tún bá mi ṣàkíyèsí nǹkan kan nínú àwọn ìwé àwòrán. Wọ́n máa ń ya ehoro sínú ihò. Ehoro ìgbẹ́ tiwa kì í gbẹ́ ihò, koríko ló máa ń tẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, á lúgọ síbẹ̀, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ téèyàn bá sún mọ́ ọn. Èyí tó ń gbẹ́ ihò ni ti òyìnbó tí wọ́n ń sìn nílé. Tí ọmọ yín bá lọ sóko bàbá ẹ̀ tó ń wá ihò ehoro kiri, kò ní rí i.

Àwọn tó ń gbélé rìn

Ìgbín rọrùn jù, ẹ rà á lọ́jà, ẹ fi sínú abọ́ fún ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú ewé ìbẹ́pẹ. Ẹ fi ìkarahun ẹ̀ han ọmọ, ìlà ara ẹ̀, etí ẹnu ẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ni ibi tó ń gbà dàgbà, ibẹ̀ ló ń kọ́ kún. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á kó wọlé, á fi nǹkan funfun kan dí ẹnu ọ̀nà, á sùn títí òjò á fi rọ̀. Kí ọmọ fọ ọwọ́ ẹ̀ tọṣẹtọṣẹ lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kàn án, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọtúnsọ lọ́dọ̀ mi, dandan ni.

Ahun ní tiẹ̀, ẹ ṣàtúnṣe ohun tí kátúùnù ti fi kọ́ wọn, ahun ò lè bọ́ ìkarahun sílẹ̀ bí ẹní bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, egungun ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn ni. “Ilé ahun ò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun ò gba àlejò,” ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ó dùn lẹ́nu ọmọdé.

Orúkọ ilé ń kọ́?

Ibí yìí ká mi lára. Àwọn ọmọ wa ń sọ Yorùbá tán, tó bá kan ilé ẹranko wọ́n á ní “nẹ́ẹ̀sì.” Ẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹ̀: ìtẹ́ ni ti ẹyẹ, afárá ni ti oyin, ọ̀gán ni ti ikán, ihò ni ti òkété àti alákàn, ibùba ni ti ẹranko ńlá tó ń lúgọ, ìkarahun ni ti ìgbín. Lálẹ́, kí wọ́n tó sùn, mo máa ń pa á ní àlọ́ fún wọn, fúnra mi ni mo hun àwọn wọ̀nyí, ẹ̀yin náà ẹ hun tiyín. Ààlọ́ o! Ààlọ̀! Ó kọ́lé sókè, ó yọ ilẹ̀kùn sísàlẹ̀. Ẹ̀gà. Ìlú kan kún fọ́fọ́, kò ní fèrèsé, tó o bá lu ú níhò wọ́n á dí i mọ́ ẹ lójú. Ọ̀gán. Ó ń rìn, ilé ń rìn. Tọ́sẹ̀ kan bá ti kọjá, àwọn ọmọ fúnra wọn á ti máa pa á fún yín.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

Ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín ní ọjọ́ kan ṣáájú kẹ́ ẹ tó kó ọmọ lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Tí oyin tàbí agbọ́n tó ń gbé pọ̀ bá wà lórí igi yẹn, ẹ wá igi míì, ẹ má ní ẹ máa rọra ṣe. Kí ọmọ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ ihò kankan, kékeré tàbí ńlá, òfin kan ṣoṣo tí mo máa ń fi ohùn líle sọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta jíjù, ẹ má gbà á fún ẹnikẹ́ni.

Ìtẹ́ tó bá jábọ́ fúnra ẹ̀, tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ẹ lè mú un, àmọ́ ẹ má gbé e wọ yàrá bẹ́ẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe díẹ̀ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọmọ mi kékeré, kòkòrò wínníwínní tó wà nínú ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù méjì, ẹ gbé e sínú fíríìsà fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó gbé e sórí bébà kí wọ́n máa tú u, kí wọ́n ka okùn ewé tó wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ rántí pé òfin wà: nílẹ̀ Bìrìtìkó, òfin 1981 ò gbà kéèyàn mú ìtẹ́ tí ẹyẹ ṣì ń lò tàbí kó bà á jẹ́, ní Amẹ́ríkà òfin 1918 ò gbà kẹ́ ẹ tọ́jú ìtẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ẹyẹ ibẹ̀ sílé, ìbáà jábọ́. Ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó, kẹ́ ẹ yà á sí bébà. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà ní páàkì yín máa ń kó ẹ̀ka àti ewé jọ rúgúdú sórí igi, ìgbà òtútù tí ewé bá ti wọ́ lẹ máa rí i dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bìrìtìkó, alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ń fi ẹrẹ̀ mọlé lábẹ́ òrùlé yín nígbà ooru, ilẹ̀ Áfíríkà ló ń wá nígbà òtútù, ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ yín, ó ní ìdí tó fi yẹ kó gbọ́ ọ.

Súù ń kọ́? Ẹ máa lọ, èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn dáa, ọmọ á rí ẹranko tí kò lè rí níbòmíì. Àmọ́ ẹ sọ fún un pé bíríkìlà ló kọ́ ilé tó wà níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ẹranko náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó ń gbé nínú igbó fúnra ẹ̀, Lekki Conservation Centre ní Èkó sún mọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀bọ ló wà lórí igi níbẹ̀.

Ohun tó kù ni ìwé kan, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ lásán náà ti tó. Lọ́jọ́ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ padà sábẹ́ igi kan náà, kí ọmọ ya ohun tó rí, kẹ́ ẹ bá a kọ déètì sí i, kó ka ìtẹ́ tútù lọ́tọ̀, kó ka èyí tó ti gbẹ lọ́tọ̀. Kíláàsì mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 14 tútù lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìn fẹ́ǹsì yẹn. Lọ́sẹ̀ kejì ó di 19. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọmọbìnrin tó sọ̀rọ̀ fíríìsà ló kọ́kọ́ rí i pé ìkan nínú èyí tóun ti yà ò sí níbẹ̀ mọ́, ó di aṣọ mi mú, ó ní “Àǹtí, ẹ wò ó, wọn ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, ó ti tú u,” ó wá fi kíréyọ́nù dúdú fa ìlà gba orí èyí tó yà, ó sì ya òrùka kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nítorí akọ yẹn ti tún bẹ̀rẹ̀.